Ìka Tí Bàbá Mi Kò Tẹ̀

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí ọdún mi kò tíì ju méjìlá lọ, èmi nìkan ni mò ń dá gbé ilé bàbá mi ní Imoru. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìyá mi ti kọ bàbá mi, ó ti lọ sílé ọkọ mìíràn, kò sì wẹ̀yìn wò. Bàbá mi àti ìyàwó rẹ̀ tuntun wà ní abà lọ́nà Arimogija, níbi tí oko iṣu rẹ̀ wà. Wọ́n fi mí sílé nítorí iléèwé, wọ́n ní kí n máa dáná fúnra mi.

Àṣà kan wà láàárín àwọn àgbẹ̀ wa nígbà náà. Bí bàbá bá fi ọmọ síléèwé, á gbé iṣu lọ fún tíṣà, á ní, "Ọmọ ti di tiyín o." Àwọn bàbá mìíràn a máa padà wá wo ọmọ wọn. Bàbá tèmi gbé iṣu kalẹ̀, ó gbàgbé mi síbẹ̀.

Mo mọ̀wé, kì í ṣe pé mò ń fọ́nnu. Ṣùgbọ́n ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Mò ń sùn ní kíláàsì, aṣọ mi dọ̀tí, wọ́n ń pè mí lọ́mọ aláìníyàá. Síbẹ̀, ní pírámárì síìsì, tíṣà ní kí n gba fọ́ọ̀mù iléèwé girama ní Ọ̀wọ̀. Ohun kan ṣoṣo ló kù: kí bàbá mi tẹ̀ka sí i kó tó di ọjọ́ Ẹtì.

Mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí abà. Iṣu ni bàbá mi ń wà, kò tilẹ̀ nàró.

"Ṣebí mo ti fi ẹ́ lé tíṣà lọ́wọ́? Kí tíṣà tẹ̀ ẹ́."

Mo padà sọ́dọ̀ tíṣà. Ó dá fọ́ọ̀mù náà padà fún mi. "Èmi kọ́ ni mo bí ẹ, ọmọ yìí."

Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n kó fọ́ọ̀mù àwọn ẹgbẹ́ mi lọ sí Ọ̀wọ̀. Tèmi wà nínú ìwé mi. Inú mi bàjẹ́ débi pé omijé kò wá. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá wo pátákó, mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Kí táámù tó parí, mo ti kúrò níléèwé, kò sì sẹ́ni tó béèrè ìdí.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ ní ayé ti yí padà. Ó ti yí lóòótọ́, kò sẹ́ni tó ń gbé iṣu fún tíṣà mọ́. Ọmọkùnrin mi àti ìyàwó rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́. Wọ́n fi ọmọbìnrin wọn sọ́dọ̀ mi níbí ní Ọ̀wọ̀, wọ́n wá tíṣà lẹ́sìnì tó ń kọ́ ọ nírọ̀lẹ́ fún un. Ọmọ náà kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ mọ́, máàkì rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀. Lánàá, ó mú ìwé kan bọ̀ láti iléèwé: wọ́n ní òbí rẹ̀ gan-an ló gbọ́dọ̀ wá fọwọ́ sí i lónìí. Mo pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù.

"Màmá, ọwọ́ mi dí. Ṣebí tíṣà lẹ́sìnì wà níbẹ̀? Ẹ ní kó bá mi sáìn ín."

Mo gbé fóònù kalẹ̀. Mi ò sọ ọ̀rọ̀ abà yẹn fún un rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí òun náà wà ní kékeré, mi ò béèrè ohun tí wọ́n kọ́ ọ níléèwé rí. Mo ní èmi kò kàwé jìnnà, kí ni mo fẹ́ béèrè?

Ọmọ náà ti wọ yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ báyìí, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Màmá, ṣé wọ́n ń bọ̀?" Ìwé náà wà lórí itan mi. Àtàǹpàkò mi ni mò ń wò láti àárọ̀; òbí rẹ̀ ni wọ́n ní kó wá, kì í ṣe èmi.