Ọjọ́ tí mo ṣe àlùwàlá fún eku

Èéfín ìkòkò ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìyá mi, amọ̀kòkò, ti dáná ní ẹ̀yìnkùlé. Koríko gbígbẹ àti èèpo igi ń jó lórí ìkòkò bí ogójì, èéfín náà sì rọra wọ yàrá tí mo sùn sí. Ta ló dàgbà ní Ìlọrin láyé ìgbà náà tí kò mọ òórùn yẹn? Láti ọ̀ọ̀dẹ̀ bàbá mi ni mo ti ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọ kéwú tí ń ka wàláà wọn. Ọjọ́ Àlàrùbá ni. Mo tó ọmọ ọdún mẹ́jọ.

Eku méjì ni mo ń sìn nígbà náà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ fún ojú irin reluwé ló hú wọn jáde lẹ́yìn ìlú. Àbúrò bàbá mi tó ń ṣe lébìrà níbẹ̀ ló fi fìlà rẹ̀ gbé wọn wálé fún mi. Wọn kì í ṣe eku ilé. Eku oko aláwọ̀ yanrìn ni wọ́n, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wọn gùn, irun sì wà ní ṣóńṣó ìrù wọn. Ìkòkò ńlá kan tó sán lẹ́nu ni ìyá mi fún mi láti fi wọ́n sí. Ó ní, “Ìkòkò tó sán kì í ṣe ìkòkò tó kú.” Mo bu yanrìn sí i dé ìdajì. Mo sọ ọ̀kan ní Reluwé. Mo sọ ìkejì ní Yanrìn, nítorí kò níṣẹ́ méjì ju kó máa yí nínú yanrìn lọ. Inú ihò kan náà ni wọ́n ti hú wọn, orí ara wọn ni wọ́n sì ń sùn.

Bàbá mi kò fẹ́ràn wọn. Áfáà ni, ibi tí a ti ń kírun kò sì jìnnà sí ìkòkò náà. Ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ fún wa ni pé, “Ohun tó bá mọ́ là ń gbà sílé.” Láàárọ̀ yẹn, ó rí Yanrìn tí eruku bò, ó ní, “Bí nǹkan wọ̀nyí kò bá mọ́, wọn ò ní bá wa ṣe Jímọ̀ nílé yìí.”

Mo gba ọ̀rọ̀ náà bó ṣe wí i. Mo gbé búútà àlùwàlá rẹ̀, mo mú Yanrìn, mo sì wẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa: ọwọ́, ẹnu, imú, ojú, orí, etí, ẹsẹ̀. Mo fi ọṣẹ dúdú kún un. Mo ta tùràrí ìyá mi díẹ̀ sí i lẹ́yìn. Omi tán kó tó kan Reluwé. Mo dá Yanrìn padà sínú ìkòkò, mo lọ pọnmi.

Igbe ni mo gbọ́ nígbà tí mo ń bọ̀. Reluwé ti gbá Yanrìn mú lọ́rùn. Mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó gé mi jẹ. Kí ìyá mi tó fi igbá là wọ́n, Yanrìn ti kú. Etí Reluwé kan fà ya, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń ṣẹ̀jẹ̀. Ó kó ara jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, kò fọwọ́ kan ọkà bàbà tí mo jù sí i.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Sínátù, ní, “Apani lo ń sìn yìí. Gbé e síta kí ológbò dá a lẹ́jọ́.” Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Ìyá Oníwàrà wọlé, obìnrin Fúlàní tó ń gbé wàrà wá fún wa láti gáà. Ó gbé òkú Yanrìn, ó gbóòórùn rẹ̀, ó mirí.

“Ko mọ,” ó ní. “Ko mọ ni, ọmọ mi.”

Yorùbá rẹ̀ kò ní ohùn òkè, kò ní ohùn ìsàlẹ̀. Ohun tí etí mi gbọ́ ni pé Yanrìn kò mọ́. Bóyá mo gbàgbé etí kan. Bóyá ẹsẹ̀ òsì ni mo kọ́kọ́ wẹ̀. Àlùwàlá mi tí kò pé ló pa á.

Mi ò fẹ́ kí Reluwé náà kú, bí mo tilẹ̀ kórìíra rẹ̀. Mo gbé búútà, mo di í mú. Ó ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi. Mo ti da omi díẹ̀ sí i lẹ́yìn nígbà tí Ìyá Oníwàrà gbá ọwọ́ mi mú.

“Kí lò ń ṣe?” ni ìyá mi bi mí.

“Mo fẹ́ kó mọ́. Wọ́n ní Yanrìn kò mọ́.”

Ìyá mi wò mí, ó wo Ìyá Oníwàrà, ó bú sẹ́rìn-ín. “Kò mọ̀ ọ́n ni wọ́n ń wí. Ìwọ lo wẹ̀ ẹ́ mọ́, tí èkejì rẹ̀ kò fi mọ̀ ọ́n mọ́.”

Ìyá Oníwàrà fọwọ́ kan imú ara rẹ̀. “Imu ni wọn fi n mọ ara wọn. Ọṣẹ rẹ, turari rẹ, alejo lo di. Yanrin ni wọn fi n wẹ.”

Bí mo ṣe dá Reluwé padà, ó yí nínú yanrìn lẹ́ẹ̀kan, ó tún yí, kí omi ara rẹ̀ lè gbẹ. Bàbá mi ti jáde láti ọ̀ọ̀dẹ̀, ó dúró lé wa lórí. Ó wò ó pẹ́.

“Tàyámọ́mù nìyẹn,” ó ní. “Níbi tí omi kò sí, yanrìn là ń fi ṣe àlùwàlá. Èyí ti mọ́ kó tó dé ilé mi.” Ó wá kọjú sí mi. “O ò dẹ́ṣẹ̀. Dá búútà mi padà.”

Mo dá a padà. Kò dárúkọ Jímọ̀ mọ́.

Mo da yanrìn tó lẹ́jẹ̀ nù, mo bu tuntun. Mo fi òrí pa etí rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀, mo ń fi omi wàrà po ọkà lílọ̀ fún un. Ìyá Oníwàrà kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ fi eku mìíràn tì í. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, Sínátù ló kọ́kọ́ dé ìdí ìkòkò. Ó pè mí, ó ní, “Wá wò ó, Apani ti ń jẹun.” Reluwé pẹ́ lọ́dọ̀ wa lẹ́yìn ìyẹn. Ìgbà tí ọkọ̀ reluwé kọ́kọ́ fọn fèrè wọ ìlú, mo rí i tó na etí tó ya náà sókè.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹlẹ́rìí fún ìwé ìròyìn. Àwọn tó ń to lẹ́tà ní iléeṣẹ́ wa máa ń ráhùn pé àmì ohùn orí ọ̀rọ̀ mi ti pọ̀ jù. Lóṣù tó kọjá, ọkùnrin kan ní ọjà Ìpàtà lu àbúrò rẹ̀ tó ti ìdálẹ̀ dé lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ó pè é lólè. Mo bi oníṣòwò Haúsá kan tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú rẹ̀ pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ó ní, “Ko mọ.”

Ọmọ ọdún mẹ́jọ yẹn ì bá ti sáré lọ pọnmi. Mo gbé kálàmù kúrò lórí ìwé, mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un pè.”