Ẹrẹ̀ Tó Gba Ife

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni alágbàfọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, ọdún kẹtàlélógún rèé. Èmi ni mo ń ṣọ́ géètì. Ẹ̀gbọ́n mi kórìíra ìdọ̀tí ju olè lọ. Bó bá rí olùkọ́ tí ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dọ̀tí, á dá a dúró, á ní kó bọ́ ọ sílẹ̀ kíá.

Ẹ wá wo ìyọnu tó bá a lọ́dún tí àwọn ọmọ wa mọ bọ́ọ̀lù gbá. Kí n má purọ́, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa ti di yẹ̀yẹ́ tipẹ́. Lọ́dún tó ṣáájú, góòlù kan ṣoṣo ni wọ́n jẹ, inú àwọ̀n tiwa náà ni wọ́n sì gbá a sí.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ìdíje bẹ̀rẹ̀, omi ẹ̀rọ dá. Aṣọ ẹlẹ́rẹ̀ tí wọ́n fi ṣe ìdánrawò ni wọ́n wọ̀ jáde, wọ́n sì na àwọn àlejò ní mẹ́ta sí òdo. Akọ́nimọ̀ọ́gbá, ọkùnrin tí kì í wọ bàtà òsì ṣáájú ọ̀tún, sáré wọ yàrá ìfọṣọ.

"Màmá, ẹ ò gbọdọ̀ fọ aṣọ yẹn mọ́ títí ìdíje á fi parí."

"Kí n má fọ kí ni?"

"Ọṣẹ ò gbọdọ̀ kàn án. Tẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́, tá a bá wá pàdánù, ẹ lọ wáṣẹ́ síbòmíì nìyẹn. Ọ̀gá àgbà ti fọwọ́ sí i."

Inú àpótí kan ní yàrá ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n ń kó aṣọ náà sí, torí kò sẹ́ni tó gbà á sí ọ́fíìsì tiẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, akọ́nimọ̀ọ́gbá á wá yẹ̀ ẹ́ wò: ẹrẹ̀ èjìká nọ́ńbà mẹ́sàn-án, àbààwọ́n epo níkùn aṣọ́lé. Tó bá ti pé, á rẹ́rìn-ín. Wọ́n sì ń borí ṣáá: méjì sí ẹyọ kan, mẹ́rin sí òdo. Bí bọ́ọ̀sì wọn bá ń kọjá lẹ́nu géètì, ṣe ni mo máa ń fọwọ́ dí imú.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó ṣáájú àṣekágbá, mo lọ yá áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Mo bá a lórí ìjókòó, ó tẹ́ aṣọ nọ́ńbà mẹ́sàn-án lé itan. Aṣọ náà funfun báláú, ó ń ta sánsán. Ó ń fi ṣíbí bu ẹrẹ̀ nínú ike kan, ó ń fi í kun èjìká aṣọ, ó sì ń wo bébà tó ya gbogbo àbààwọ́n sí.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Iṣẹ́ yín!"

"Pa ilẹ̀kùn dé."

"Ìgbà wo lẹ ti ń ṣe èyí?"

"Láti ọ̀sẹ̀ kejì. Ọmọ ọlọ́mọ ń họ ọrùn títí ó fi bó, kí n máa wò ó níran? Mo ń fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Ajé, mo ń dá ẹrẹ̀ rẹ̀ padà lọ́jọ́ Ẹtì. Òórùn wo tiẹ̀ ni ìwọ ń dí imú sí ná?"

Ojú tì mí.

Lọ́jọ́ àṣekágbá, àwọn àlejò ló kọ́kọ́ gbá ọ̀kan wọlé wa. Ẹ̀gbọ́n mi di apá mi mú, èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Iṣẹ́ ọdún mẹ́tàlélógún ló wà lórí pápá yẹn. Nọ́ńbà mẹ́sàn-án dá a padà, mo pariwo. Nígbà tó jẹ ìkejì, tí rẹfirí fọn fèrè, ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́kún. Gbogbo èèyàn rò pé bọ́ọ̀lù ló fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n akọ́nimọ̀ọ́gbá gba máìkì.

"Ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá alágbàfọ̀," ó ní, "tí wọn ò ṣe nǹkan kan láti ìbẹ̀rẹ̀ ìdíje yìí dópin."

Mo fa ẹ̀gbọ́n mi láṣọ kó má baà dìde. Ó já máìkì gbà lọ́wọ́ ọkùnrin náà.

"Èmi? Èmi ni mi ò ṣe nǹkan kan?"

Ó bá rò ó fún wọn látòkèdélẹ̀, ó sì na bébà rẹ̀ sókè kí gbogbo ayé rí i.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá wo aṣọ, ó wo ife, ó wo ẹ̀gbọ́n mi. Ó fa báírò yọ lápò.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́," ó rọra béèrè, "ẹrẹ̀ ibo lẹ máa ń lò?"