Ahọ́n Drukmo

Bí wọ́n bá ní kí n yin Ngodup, alága ẹgbẹ́ àwa ará Tibet ní Dharamshala ní ilẹ̀ Íńdíà, ẹ ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Torí kí àṣà wa má baà parun, kí ẹni tó bá sá wá láti ilé sì rí ibi forí pamọ́ sí, la ṣe dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Íńdíà ni wọ́n bí Ngodup sí. Kò tẹ ilẹ̀ Tibet rí, ṣùgbọ́n bó bá gbẹ́nu lé ọ̀rọ̀ àṣà, ẹ óò rò pé òun ló bí i.

Drukmo ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Darandaran ni nílé, kó tó fẹsẹ̀ gun òkè yìnyín sá wá bá wa. Èmi àti òun la jọ ń dáná fún ẹgbẹ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀bù kan ló ń sùn, òjò ńlá ti bẹ̀rẹ̀, ikọ́ sì ti wọ̀ ọ́ lára. Bẹ́ẹ̀dì kan ṣófo ní ilé ẹgbẹ́, Ngodup nìkan ló sì lè fún un.

Lọ́jọ́ kan, Drukmo ṣèèṣì fi èdè Ṣáínà, èdè àwọn tó gba ilẹ̀ wa, pe ọ̀dùnkún. Àwọn obìnrin ilé ìdáná bú sẹ́rìn-ín.

“Ọmọ Ṣáínà dé o! Ará tuntun!”

“Ẹ̀yin tí ẹ ń pè é ní alu bí ará Íńdíà ńkọ́?” Drukmo dáhùn. “Ọmọ ta lẹ̀yin?”

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹjọ́ ti dé etí alága. Ó ránṣẹ́ pè é sí gbọ̀ngàn. Gbogbo wa tẹ̀ lé e, ìyá Ngodup sì wà ní kọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà rẹ̀. Drukmo tẹrí ba, ó họ orí, ó sì yọ ahọ́n síta gbọọrọ.

Ngodup fò dìde. “O yọ ahọ́n sí mi? Èmi? Aláìnítìjú! O tún ń wá bẹ́ẹ̀dì níbí? Jáde!”

Kò yà mí lẹ́nu. Inú eré apanilẹ́rìn-ín tí ẹgbẹ́ ń ṣe lọ́dún tuntun nìkan ló ti ń rí ẹni tó ń yọ ahọ́n, ẹ̀rín ló sì máa ń fi í rín.

“Alága, mo ń kí yín ni o,” Drukmo dáhùn. Ikọ́ ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán.

Ìyá arúgbó náà fi ọ̀pá dìde. Ó kọjú sí Drukmo, ó tẹrí ba, ó yọ ahọ́n tirẹ̀ náà. Omijé ń dà lójú rẹ̀. Ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀.

“Ngodup, ṣé orí ẹ pé? Ìkíni ni! Bí mo ṣe kí bàbá bàbá ẹ nìyẹn lọ́jọ́ tí mo wọlé ọkọ ní Tibet. Àṣà ta lo wá ń dáàbò bò?”

 Ngodup yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, ó nà án sí Drukmo bí ẹni ń ju egungun fún ajá.

“Gbà. Bẹ́ẹ̀dì wà lókè.”

Drukmo ò nawọ́. “Ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn ná, Alága. Mo kí yín.”

Ngodup kàn mi kọ́kọ́rọ́ náà sí i.

Drukmo gbé àpò rẹ̀, ó bọ́ sínú òjò. Ìyá Ngodup mú ọ̀pá rẹ̀, ó tẹ̀ lé e.