Fóònù Tó Fẹ̀gbẹ́ Lélẹ̀

Wọ́n ń pè é ní Ìyá Áàpù níbi iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ kò tíì bímọ kankan. Àwọn áàpù, ìyẹn ètò orí fóònù, tó ń kọ ni wọ́n kà sí ọmọ fún un. Èyí tó fẹ́ràn jù nínú wọn, ẹnì kan ṣoṣo ló ń lò ó láyé: bàbá rẹ̀.

Rọpárọsẹ̀ ló mú bàbá náà. Ọ̀gá bíríkìlà tí ohùn rẹ̀ máa ń dún dé òkè ilé alájà mẹ́ta wá di ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló sì ń gbọ́ tirẹ̀. Ni ọmọ bá kọ áàpù fún un. Ó ya ibi títẹ̀ kan bí ọ̀já pupa sí ìsàlẹ̀ ojú fóònù bàbá, ó kọ PÈ MÍ sí i gàdàgbà. Tí bàbá bá ti tẹ̀ ẹ́, fóònù ọmọ á ké ní ọ́fíìsì, ọmọ á sì sáré wálé, nítorí òpópónà méjì péré ló wà láàárín wọn.

Bàbá wá sọ ọ́ di eré. Ó tẹ̀ ẹ́ torí ìrọ̀rí, ó tẹ̀ ẹ́ torí eṣinṣin, ó tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan kó lè béèrè bóyá òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ wọn náà. Ọ̀gá ọ́fíìsì bẹ̀rẹ̀ sí í fajú ro. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, kí ọmọ tó jáde, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, tí ọ̀rọ̀ ò bá tíì le, ẹ má tẹ̀ ẹ́." Bàbá ní òun ti gbọ́.

Fóònù dákẹ́. Inú ọmọ kọ́kọ́ dùn. Nígbà tí oòrùn fi kan àtàrí, inú dídùn náà ti di ìfòyà. Ẹni tó ń torí eṣinṣin pe èèyàn, kí ló pa á lẹ́nu mọ́? Ó pè é, kò gbé e. Ó tún pè é, pàbó. Ó dìde láìgba àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó sáré délé, ó ṣílẹ̀kùn.

Níbi tí bàbá ti ń nawọ́ mú omi ló ti ṣubú sórí ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ tó ti kú. Orí ibùsùn ló ṣì wà, ṣùgbọ́n kò lè gbéra. Omi ti dànù, ètè rẹ̀ gbẹ, fóònù ti bọ́ sílẹ̀.

"Bàbá! Kí ló dé tẹ́ ò tẹ̀ ẹ́?"

"Mo wá a tì. Mo rò pé o ti yọ ọ́ kúrò ni."

Ọ̀rọ̀ náà gún un lọ́kàn. Ó gbé e jókòó, ó fún un lómi, lẹ́yìn náà ló mú fóònù nílẹ̀. Ọ̀já pupa wà níbẹ̀ rekete. Àbí ojú bàbá náà ti ń lọ ni? Ni nǹkan kan bá sọ sí i lọ́kàn. Ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ síbi tí omi dà sí lórí ibùsùn, ó di fóònù mú síwájú ojú. Ojú fóònù yí, ó fẹ̀, ó kúrú. Ọ̀já kò bá a yí, kò sì rí i mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tí áàpù bá ṣí, ló ti ní kí áàpù wọn gíga ojú fóònù. Ìsàlẹ̀ tó wọ̀n nígbà náà ni ọ̀já lọ dúró sí, ibẹ̀ sì ti bọ́ sí ìta ojú fóònù tó ti kúrú. Àìmọye ìgbà ló ti dán áàpù yìí wò, orí àga ló sì ti dán gbogbo rẹ̀ wò. Ẹni tó ń ṣe nǹkan fún ẹni tó wà lórí ibùsùn, kò dùbúlẹ̀ rí!

Ibẹ̀ ló ti fi kọ̀ǹpútà tó wà nílé tún un ṣe: ìgbàkígbà tí fóònù bá yí, kí ọ̀já tún ara rẹ̀ wọ̀n. Ó gbé fóònù fún bàbá, ó yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọ̀já yọ, ó gùn láti etí dé etí.

Bàbá gbé ìka sókè, kò tẹ̀ ẹ́. Ó wo ojú ọmọ rẹ̀.

"Ṣé ọ̀rọ̀ ti le tó báyìí?"

Ọmọ di ìka náà mú, ó fi tẹ̀ ẹ́, fóònù tirẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké nínú àpò rẹ̀.