Irin Tó Dógùn-ún

Kí òyìnbó Faransé tó dé Manigri, ìlú wa, ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, nígbà tí àwọn oníṣòwò tó ń kọjá ṣì máa ń wọ̀ sílé wa. Bàbá mi, alágbẹ̀dẹ, ti kú. Yàrá rẹ̀ ni ìyá mi ń fún àlejò gbé, ohun tí wọ́n bá sì fún wa la fi ń jẹun.

Ìkọ́ irin tí bàbá mi fọwọ́ ara rẹ̀ rọ ló ń ti ilẹ̀kùn yàrá náà. Iṣẹ́ tèmi ni láti máa fi òrí pa á. Irin a tutù, òrí a yọ́ lọ́wọ́ mi, òórùn rẹ̀ a sì bá mi sùn.

Lọ́dún kan, oníyọ̀ wọ yàrá náà. Tí òjò bá ti ṣú, iyọ̀ rẹ̀ a máa sun omi, ògiri a rin; tí mo bá lá ètè mi, iyọ̀ ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá mi fọwọ́ kan ìkọ́ náà, ó ní ó mà ti dógùn-ún. Ìpẹtà ló rí. Èmi ọmọ alágbẹ̀dẹ, ohun tí etí mi gbọ́ ni pé ó ti di Ògún.

Mo wo irin náà, ó pupa bí ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà wa. Mo ní bàbá mi tó rọ ọ́ ló ti di òrìṣà, tó padà wálé. Bí mo ṣe pa òrí tì nìyẹn, nítorí ta ni yóò máa ra òrìṣà lára bí ọmọ tuntun? Ní àràárọ̀, n ó kúnlẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn, n ó kí i pé ẹ kú ilé. Inú mi dùn bí kò ti dùn láti ìgbà tó ti kú. Irin ń wú, ó ń bó, mo rò pé ó ń dàgbà ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àlejò wa fa ilẹ̀kùn, ìkọ́ kán sí méjì. Ó rọra sọ fún ìyá mi pé iyọ̀ kì í gbé yàrá tí kò ṣé tì, bí kò bá ti ṣé tì títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ìlú Pénéssoulou lòun ń lọ. Ìyá mi, tí inú rẹ̀ kì í pẹ́ ru, bi mí pé ìgbà wo ni mo ti fi òrí pa á gbẹ̀yìn. Ẹkún gbọ̀n mí.

“Ẹ̀yin lẹ ní ó ti di Ògún. Mo rò pé bàbá ni.”

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò pẹ́ tó fi di ẹkún. Ó kó irin méjèèjì lọ sí àgbẹ̀dẹ. Alágbẹ̀dẹ ibẹ̀ ní ìpẹtà ti jẹ ẹ́ tán, ìyá mi ní kó rọ ìwọ̀nba tó kù mọ́ tuntun.

Nírọ̀lẹ́, ilẹ̀kùn tì, oníyọ̀ sì sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Mo gbé òrí wá. Ìyá mi gbà á lọ́wọ́ mi, ó kúnlẹ̀ níwájú ìkọ́ náà.

“Ẹ kú ilé,” ló wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa á.