Ẹ́ńjìnnì Tí Bàbá Mi Ń Dúró Dè

Ẹ̀pà ni mo fẹ́ jẹ. Bí mo bá mọ ohun tó máa tìdí ẹ̀pà náà yọ ni, ǹ bá fi ebi wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sílé lọ́jọ́ náà. Nígbà yẹn, àwọn tó ń dáná fún òyìnbó ní GRA Ìkẹjà máa ń kó ìwé ìròyìn tí ọ̀gá wọn ti kà tán jáde, wọ́n á tà á fáwọn obìnrin tó ń ta ẹ̀pà nítòsí téṣàn, àwọn yẹn á sì fà á ya lójú ewé lójú ewé, wọ́n á fi pọ́n ẹ̀pà. Ojú ewé tó bọ́ sí mi lọ́wọ́ ní àwòrán ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú irin kan. Ẹni tó gbọ́n á ti jù ú dànù. Èmi ká a, mo fi í sínú báàgì, mo gbé e lọ fún bàbá mi ní Agége. Ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀.

Dírẹ́bà Rélùwéè ni bàbá mi. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí fífi ṣọ́bìrì da èédú síná, ó sì wa ẹ́ńjìnnì títí ó fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tó máa kọ́lé, kò wá ilẹ̀ síbi tó dákẹ́ bíi tàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ojú irin gan-an ló kọ́ ọ sí, débi pé bí ọkọ̀ bá ń kọjá, gbogbo àwo inú ilé á máa gbọ̀n. Ìyá mi ti kú, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti lọ sílé ọkọ, ó wá ku èmi àti bàbá mi. Èmi ń tẹ lẹ́tà lórí ẹ̀rọ ní ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà, èmi ni mo sì ń ka ohunkóhun tó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì fún un, nítorí Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ kò ju ti ojú irin lọ: dúró, máa lọ, rọra.

Mo ka ojú ewé náà fún un ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ́ńjìnnì kékeré ni, kò gùn ju láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́ lọ, ọ̀kan nínú àwọn tí òyìnbó ń tò sórí tábìlì nílé. Wọn ò tíì máa tà á, wọ́n ní ó ń bọ̀ ni. Kò ní èédú, kò ní omi, kò ní èéfín. Iná mànàmáná ló ń gbé e rìn. Apá irin méjì wà lórí rẹ̀ tó ń nà sókè títí yóò fi kan wáyà tí wọ́n ta sókè. Iná funfun wà níwájú, pupa wà lẹ́yìn, bó bá sì ń fẹ̀yìn rìn, wọ́n á pààrọ̀ fúnra wọn. Bó bá sún mọ́ kọ́ọ̀ṣì tó fẹ́ fà, á kọ́ ọ mọ́ra láìsí pé ọwọ́ ẹnikẹ́ni kàn án.

Bàbá mi dìde, ó tún jókòó. Ó ti pẹ́ tí àwọn dírẹ́bà ti ń bá ara wọn jiyàn pé ẹ́ńjìnnì tí kì í jẹ èédú ti wà lókè òkun. Òun ló máa ń sọ pé irọ́ ni, pé kò sí ohun tí kò ní iná nínú ikùn tó lè fa ẹrù gun òkè.

"Ka ibi apá yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i," ó wí.

Mo kà á.

"Ka ti iná."

Mo kà á títí ọ̀fun fi gbẹ mí. Lọ́jọ́ kejì ó ní kí n kọ lẹ́tà sí ṣọ́ọ̀bù kan l'Ékòó tó ń bá èèyàn ra ọjà láti òkè òkun. Èmi náà ni mo kọ ọ́. Wọ́n dáhùn pé ó máa dé ní ìgbà ìrúwé. Ìrúwé wo? Igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa ń rúwé bó ṣe ń wọ́wé, kì í bèèrè oṣù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ibi iṣẹ́ ni mo ti bèèrè kí n tó mọ̀ pé nǹkan bí oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún ni wọ́n ń sọ.

Láàárín ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ojú dé. Mo rí i pé bí bàbá mi bá ń bu omi, ẹ̀gbẹ́ ife ló ń dà á sí, ó sì ń fi èjìká gbá òpó ilẹ̀kùn tí òun fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n rì síbẹ̀. Mo mú un lọ sí ọsibítù l'Ékòó. Dókítà òyìnbó tó yẹ̀ ẹ́ wò sọ pé omi inú ẹyin ojú ló pọ̀ jù, ó ń tẹ iṣan tí èèyàn fi ń ríran pa díẹ̀díẹ̀. Ó ní ohun tó ti lọ ti lọ, ṣùgbọ́n bí àwọn bá tètè ṣiṣẹ́ abẹ, ohun tó kù á wà níbẹ̀. Ó ní ká padà wá lọ́sẹ̀ méjì sí i.

Bàbá mi kọ̀, kò lọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ wa ọkọ̀ ti lọ ṣiṣẹ́ abẹ ojú rí, ọ̀pá ni wọ́n fi fà á padà wálé.

"Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́," bàbá mi wí. "Bí wọ́n bá máa gbé ọ̀bẹ sí mi lójú, jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ojú yìí rí ẹ́ńjìnnì yẹn bó ṣe ń tan iná."

"Bàbá, ojú ń lọ, ẹ ń sọ̀rọ̀ ohun ìṣeré!"

"Ṣé wọ́n ti gbé òrùka lé mi lọ́wọ́?"

Ẹni tí bàbá rẹ̀ kò bá ṣiṣẹ́ Rélùwéè ò ní mọ ohun tó ń sọ. Ojú irin kan ṣoṣo ni ọkọ̀ àlọ àti ọkọ̀ àbọ̀ jọ ń lò, nítorí náà dírẹ́bà ò gbọdọ̀ kúrò ní téṣàn àfi tí ọ̀gá téṣàn bá gbé òrùka ńlá kan tí irin àṣẹ wà lára rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Gómìnà ìbáà wà nínú ọkọ̀, òjò ìbáà máa pa èrò, bí òrùka ò bá tíì dọ́wọ́, ọkọ̀ ò ní gbéra. Bí bàbá mi ṣe lo gbogbo ayé rẹ̀ nìyẹn, kò sì pa ẹnikẹ́ni lójú irin rí. Ó wá sọ ẹ́ńjìnnì orí tábìlì di òrùka. Bó bá dé, á lọ sí ọsibítù. Bí kò bá tíì dé, kò lọ síbì kankan. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, mo sì ti dàgbà ju ọjọ́ orí tó wà nígbà náà lọ.

Oṣù kẹrin kọjá, ìkarùn-ún kọjá. Lẹ́tà dé: ẹ má bínú, ó di ìparí ọdún. Nígbà tí ọyẹ́ dé, òmíràn dé: ẹ má bínú, wọ́n ń tún apá irin yẹn ṣe kó lè máa nà dáadáa. Ó ṣe mí bíi pé kí n ki lẹ́tà náà bọ ẹnu kí n rún un. Bàbá mi rẹ́rìn-ín.

"Wọ́n fẹ́ ṣe é kó dára ni," ó wí. "Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n bá fi ìkánjú ṣe, ojú ọ̀nà ló máa ń kú sí."

Àwọn ará àdúgbò tí mo fẹjọ́ sùn ní kí n ṣe sùúrù, pé ẹni tó ní sùúrù ohun gbogbo ló ní. Mo bi wọ́n bóyá ó ní ojú.

Mo gba àyè níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà fúnra mi. Akọ̀wé kan tó de táì, Yorùbá bíi tèmi, ń bá mi sọ Gẹ̀ẹ́sì. Mo fi Yorùbá dá a lóhùn títí ó fi sọ̀ kalẹ̀.

"Màdáàmù, ọmọ ọdún mélòó ni ọmọ yín?" ó bi mí. "Ẹ jẹ́ kó máa fi èyí tí wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ ká ṣeré ná."

"Ọmọ ọgọ́ta ọdún ni," mo ní, "ojú sì ń dùn ún. Ìgbà wo lẹ máa gbé ọjà wá?"

"Ṣé ẹ fẹ́ kí n na ọkọ̀ òkun ní pàṣán ni?"

Mo gbá kàǹtà rẹ̀ débi pé gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ yíjú wò mí. Kò yí ohunkóhun padà. Mo wọ ọkọ̀ padà sí Agége, àtẹ́lẹwọ́ ń ta mí.

Ní gbogbo ìgbà yẹn, bàbá mi ò jókòó lásán. Irin, òpó wáyà àti kọ́ọ̀ṣì kan ti ṣáájú dé nínú àpótí kan. Ó kan tábìlì, ó to irin sórí rẹ̀, ó wá ń ri àwọn òpó náà mọ́lẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Á fi ìka wọn àlàfo, á fọwọ́ pa òpó láti òkè dé ìsàlẹ̀, kó tó kọjá sí èyí tó tẹ̀ lé e. Mo rò pé bí àwọn ará Rélùwéè ṣe ń fara balẹ̀ nìyẹn. Tẹ́lẹ̀, bí ọkọ̀ bá kọjá, á yọ aago, á bú dírẹ́bà tó bá pẹ́. Ó wá di pé èmi ló ń bi léèrè aago tó lù. Mo rò pé ó kàn fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ ni. Bí mo ṣe gọ̀ tó nìyẹn, èmi tí ojú mi là kedere.

Ní oṣooṣù mo máa ń sọ pé, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ bá dókítà." Èsì kan náà ni: "Ṣé ó ti dé?" A ó jà, a ò ní bára wa sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì, a ó tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà kan wà tí mo kọ lẹ́tà pé kí ṣọ́ọ̀bù má wulẹ̀ gbé e wá mọ́. Ó wà nínú báàgì mi fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kẹrin, mo bá bàbá mi tó ń súfèé, tó ń fọwọ́ ra etí tábìlì yẹn bí ẹni ń ra orí ọmọ. Mo fa lẹ́tà náà ya.

Lẹ́yìn Iléyá kejì tí a ti ń retí rẹ̀ ló dé, lọ́jọ́ Sátidé kan. Mo gbà á ní pósọ́fíìsì, mo rù ú wálé. Bàbá mi wẹ̀, ó wọ kóòtù Rélùwéè rẹ̀ tó ní bọ́tìnnì idẹ, ní ọ̀sán gangan nínú ooru. Dírẹ́bà lọ́rì kan ládùúgbò ti yá wa ní bátìrì, ó wà lábẹ́ tábìlì. Mo tú àpótí, mo gbé ẹ́ńjìnnì sórí irin, mo na apá rẹ̀ sókè títí ó fi kan wáyà òkè. Wáyà méjì ló yẹ kí n so mọ́ bátìrì. Mo ti so ọ̀kan. Ìkejì ṣì wà lọ́wọ́ mi nígbà tí bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́ tábìlì, tí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan irin.

"Bísímílàhi!" ó kígbe. "Wo iná! Funfun báláú! Háà, òyìnbó ò purọ́!"

Mo wo wáyà tó wà lọ́wọ́ mi.

"Bàbá, iná wo?"

"Iná iwájú. Èwo ló tún kù?"

"Mi ò tíì so ó. Ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ sì kọjú sí."

Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó fi wá àga, ó jókòó.

"Láti ìgbà wo?" mo bi í.

"Ọ̀tún ló kọ́kọ́ lọ. Mo rò pé òsì á lè dúró dè é." Ó ń tú bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀. "Láti ọyẹ́ tó kọjá, òjìji nìkan ni mò ń rí. Ní báyìí, mi ò rí ìyẹn náà mọ́."

Ọyẹ́ tó kọjá ni lẹ́tà kejì dé, èyí tó fi ṣe ẹ̀rín. Nígbà tí mo ń gbá kàǹtà kiri l'Ékòó, ọjọ́ ti lọ lórí ọ̀rọ̀. Mo pariwo. Mi ò pariwo mọ́ bàbá mi rí láyé mi, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn mo pè é ní òpùrọ́, mo pè é ní alágídí, mo ní ó ti fi ojú rẹ̀ méjèèjì ra ohun ìṣeré. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Bí mo bá sọ fún ọ," ó wí, "wàá kọ̀wé pé kí wọ́n má gbé e wá mọ́."

Òótọ́ ni, ìyẹn sì tún dá kún ìbínú mi.

"So ó," ó wí.

Mo so ó. Iná funfun tàn, ẹ́ńjìnnì gbéra, ó lọ bá kọ́ọ̀ṣì, ó kọ́ ọ mọ́ra. Mo pààrọ̀ wáyà, ó fẹ̀yìn rìn, funfun àti pupa gba àyè ara wọn. Kò sí ohun kan tí wọ́n sọ nípa rẹ̀ tó jẹ́ irọ́. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Ká ní ó bàjẹ́ ni, ǹ bá rí ẹni ṣépè fún. Bàbá mi gbé àtẹ́lẹwọ́ lé tábìlì.

"Ṣé ó ń lọ báyìí?" ó bi mí, nítorí ẹ́ńjìnnì náà ò pariwo.

Mo ní ó ń lọ.

Lọ́jọ́ Ajé a wọ ọkọ̀ àárọ̀ lọ sí ọsibítù. Dókítà kan náà ni. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú ọ̀tún, ó tan án sí ti òsì, ó pa á, ó jókòó. Ó ṣí ìwé wò títí ó fi rí ọjọ́ tí a kọ́kọ́ wá. Ó wá kọjú sí mi, kò kọ ọ́ sí bàbá mi, inú sì ń bí òun náà. Ó ní òun ti sọ fún wa. Ó ní ìgbà wo ni ojú bàbá yìí ti lọ, kí ni èmi sì ń ṣe nílé.

Èsì kún ẹnu mi. Mo fẹ́ sọ ọ́ pátápátá níbẹ̀, kí ẹ̀bi lè kúrò lọ́rùn mi kó dé ọrùn ẹni tó ni ín.

"Kí ló wí?" bàbá mi bi mí.

Mo sọ ohun tí dókítà wí fún un, títí dé ibi tó ti bi mí ohun tí mò ń ṣe nílé. Bàbá mi wá ọwọ́ mi títí ó fi rí i, ó dì í mú.

"Sọ fún un pé àná ni," ó wí. "Àná ni ojú lọ. Sọ fún un pé ọmọ mi ò mọ̀."

Dókítà ń wò mí, ó ń dúró. Mo sọ ọ́ fún un lédè Gẹ̀ẹ́sì bí bàbá mi ṣe wí i. Àná ni mo pè é.