Òkúta Àlejò ní Ọ̀nà Ìwàrà

Láyé àtijọ́, bí ará ilé wa ní Òṣogbo bá kú sójú ogun, irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ nìkan ni wọ́n máa ń gbé bọ̀ wálé. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá-ńlá mi ṣe padà. Ara rẹ̀ tó kù wà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, lábẹ́ òkúta kan. Bàbá mi pàṣẹ fún èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pé kí a lọ kí i. A ń sún un síwájú títí ẹ̀gbọ́n mi fi kú ní èṣí. Àwọn ọmọ mi wà lókè òkun. Wọ́n ní kí n jókòó, kí n sinmi. Bí n kò bá lọ, kò sí ẹni tí yóò lọ mọ́.

Mo háyà ọkọ̀, mo dá jókòó sẹ́yìn. Nígbà tí a kọjá Iléṣà, kí a tó dé Ìwàrà, a yà sí ọ̀nà eléruku láàrin oko kòkó. Ní abúlé àkọ́kọ́, yàrà ogun ni wọ́n fi hàn mí, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti bò ó. Ní èkejì, mo sọ̀ kalẹ̀, mo sì fi ohùn tí mo fi ń kọ́ ọmọ níwèé béèrè òkúta náà. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n ní àwọn kò mọ̀ ọ́n. Ìyá arúgbó kan tí ń bó ẹ̀gúsí rẹ́rìn-ín sí mi.

“Ìyá onígèlè, ilé Lọ́jà lẹ gbà kọjá láì yà yẹn. Ta ni yóò fi ohun ìlú hàn yín?”

Èmi tí mo na ọmọ ọlọ́mọ nítorí pé wọn kò kí àgbà! Mo padà, mo kúnlẹ̀ fún Lọ́jà, olórí abúlé náà, tí kò ju àbíkẹ́yìn mi lọ. Mo sọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Ó ní kí n dìde.

“Ẹ̀yin lẹ ni àlejò wa tó wà lábẹ́ òkúta?”

Ó ní àwọn baba òun ni wọ́n pa á. Ṣùgbọ́n nítorí pé kò ní ẹnì kan nítòsí, wọ́n sin ín, ọdọọdún tí iṣu tuntun bá sì jáde, wọn a bù fún un, nítorí a kì í jẹun lójú àlejò.

Òun fúnra rẹ̀ ló mú mi débẹ̀. Òkúta náà kò ju odó lọ. Ó yẹ kí n ki bàbá-ńlá mi, ṣùgbọ́n oríkì wa já mọ́ mi lẹ́nu lẹ́yìn gbólóhùn méjì. Nígbà tí ìyá àgbà wa ń kì í láràárọ̀, ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń há sórí, mo sì ń gbéra ga. Ìyá ẹlẹ́gùúsí tí ó tẹ̀lé wa ní kí n má dààmú.

“Àwa náà ò mọ oríkì ẹ̀. Ẹ kú ilé o la máa ń kí i.”

Mo kí i bẹ́ẹ̀. Ó yẹ ẹnu wọn ju ẹnu mi lọ.

Lọ́jà béèrè ẹni tí yóò máa wá lẹ́yìn mi. Mo fẹ́ dárúkọ àwọn ọmọ mi, ṣùgbọ́n n kò lè purọ́ níbẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n máa ka bàbá-ńlá mi mọ́ ara wọn.